Láti Cotonou sí Moncton, Kí Oòrùn Tó Wọ̀

Àríyànjiyàn ni Habibullah àti Moufidatou fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín. Oṣù kẹta ọdún ni, àsìkò tí kajú ń jábọ́ ní gbogbo oko Manigri, tí òórùn èso rẹ̀ tó ti rà ń wọ inú ilé. Habibullah ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Yunifásítì Calavi dé ni, níbi tó ti kọ́ ìmọ̀ yíya àwòrán ilẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ ìwé. Ó kó àpò kajú mẹ́rin sórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ní kó gbé e lọ bá Àlájì Mamoudou tó ń ra kajú ní Bassila.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkẹ́rùsí Àlájì, ọmọbìnrin kan jókòó sórí àpótí, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó ń gé àwọn kóró náà sí méjì, ó ń wo inú wọn.

“Àpò yìí ṣì tutù,” ó ní. “Ẹ gbé e padà, ẹ lọ sá a.”

“Ẹ̀kúnwọ́ kan péré lo wò,” Habibullah dá a lóhùn. “Kóró tó wà nínú àpò yìí ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ. Báwo ni ẹ̀kúnwọ́ kan ṣe lè jẹ́rìí sí gbogbo wọn?”

“Tí o bá se ọbẹ̀, ṣé gbogbo ìkòkò lo máa mu tán kí o tó mọ̀ pé iyọ̀ ti pọ̀ jù?”

“Òkè ìkòkò lo ti bu ọbẹ̀ tìrẹ. Ìsàlẹ̀ ńkọ́?”

Ọmọbìnrin náà wò ó. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ki ọwọ́ bọ àpò náà títí dé èjìká, ó bu kóró láti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó gé wọn. Omi ló wà nínú wọn, ó ju ti òkè lọ.

“Ìsàlẹ̀ nìyí,” ó ní. “O ṣeun tí o rán mi létí.”

Àwọn alágbàṣe tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Habibullah gbé àpò náà padà sí Manigri, bàbá rẹ̀ bú u, ó sì sá kajú náà fúnra rẹ̀. Nígbà tó gbẹ, àbúrò rẹ̀ ní òun yóò bá a gbé e lọ. Ó ní kó má ṣèyọnu.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Moufidatou ni ọmọ Àlájì tó kẹ́yìn. Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni ní Bassila, àsìkò kajú nìkan ló máa ń ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ará Bassila ni bàbá náà, èdè Anii ló ń sọ, ṣùgbọ́n Manigri ló ti fẹ́ ìyàwó, nítorí náà gbogbo ilé ló gbọ́ Nago. Láti Manigri dé Bassila kò jìnnà. Ẹni tó gbé omi tíì kaná lè lọ kó sì bọ̀ kí tíì tó tutù. Habibullah ń lọ ṣáá. Nígbà míì á ní pọ́tábù tí òun fi ń pe èèyàn bàjẹ́, nígbà míì á ní òun fẹ́ ra wáyà.

“Habibullah,” ìyá rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan, “irú pọ́tábù wo lo rà, tó jẹ́ pé Bassila nìkan ló ti ń sàn?”

*

Ní oṣù keje, iṣẹ́ dé. Habibullah ti kọ̀wé sí yunifásítì kan ní Moncton, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ó sì ti gbàgbé rẹ̀. Wọ́n fèsì pé kó wá ní oṣù kìíní, pé yóò máa bá ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣiṣẹ́ àwòrán ilẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, pé bó bá ní ìyàwó, ìyàwó lè tẹ̀lé e.

Ó lọ bá Moufidatou níwájú ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ tán. Ó sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tí nǹkan gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

“Níbo ló ń jẹ́ Moncton?” Moufidatou béèrè.

Habibullah yọ pọ́tábù. Ibi kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ó fẹ́ràn láti máa ṣeré níbẹ̀: èèyàn á kọ orúkọ pápákọ̀ òfurufú méjì, ẹ̀rọ á fa ìlà tààrà láàárín wọn, á sọ bí wọ́n ṣe jìnnà síra tó, á sì sọ wákàtí tí ọkọ̀ òfurufú lè fi fò ó. Ó kọ Cotonou, ó kọ Moncton. Ìlà pupa kan sọdá òkun. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún méje àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin kìlómítà. Wákàtí mẹ́wàá kò pé.

“Ó fi orí òkun ṣe ọ̀nà,” Moufidatou sọ. Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà náà. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ṣé o ń sọ fún mi pé o ń lọ ni, àbí o ń bi mí léèrè nǹkan?”

“Mo ń bi ọ́ léèrè.”

“Béèrè dáadáa, nígbà náà.”

Ó béèrè dáadáa. Moufidatou gbà. Ṣùgbọ́n ó ní, “Èmi ti gbà. Bàbá mi ló kù. Kò ní bá ọ sọ̀rọ̀ owó, kò ní bá ọ sọ̀rọ̀ ìwé. Ọ̀nà ni yóò bá ọ sọ.”

*

Ẹni tó ń wá ìyàwó kì í lọ sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Oumarou, àbúrò bàbá Habibullah, ni wọ́n fi ṣe alárinà. Ó ti wa takisí fún ọ̀pọ̀ ọdún láti Djougou dé Cotonou, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Kó tó lọ, ó ní kí Habibullah fi ibi tó ń lọ han òun. Habibullah fi ìlà pupa náà hàn án.

“Wákàtí mẹ́wàá!” Oumarou pariwo. “Nígbà tí ọ̀nà bàjẹ́, mo ti lò ju bẹ́ẹ̀ lọ kí n tó dé Cotonou. Ọ̀nà kékeré ni èyí!”

Habibullah fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n àwọn àgbà méjì tó ń bá Oumarou lọ ti wọ mọ́tò, wọ́n ń pè é.

Ní Bassila, wọ́n gbé gbànja sí àárín. Àlájì Mamoudou gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán.

“Ìbéèrè kan ni mo ní,” ó ní. “Àwa kì í dá òkú dúró. Ẹni tó bá kú láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin ín. Bí mo bá kú láàárọ̀, ṣé Moufidatou á rí ojú mi kí wọ́n tó gbé mi lọ?”

“Àlájì, ikú yín ṣì jìnnà,” Oumarou dáhùn.

“Mi ò bi ọ́ léèrè ikú. Ọ̀nà ni mo bi ọ́.”

Oumarou rántí ìlà pupa. Ọkàn rẹ̀ mọ́, ohun tó rí ló sọ. “Wákàtí mẹ́wàá kò pé, Àlájì. Bí ẹ bá pè é láàárọ̀, nílé yín níbí ni yóò ti jẹun alẹ́.”

Àlájì wo ojú àwọn àgbà méjèèjì. Wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó mú gbànja, ó là á, ó pín in. Nílẹ̀ wa, ohun tí alárinà bá sọ lórí obì, gbogbo ilé ọkọ ló sọ ọ́.

Oumarou padà sí Manigri pẹ̀lú ariwo. “Mo ti parí ẹ̀! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kó dí mi lọ́nà, mo sì tú u!”

Nígbà tó sọ bó ṣe tú u, Habibullah dìde dúró.

“Bàbá Kékeré, kò sí ọkọ̀ tó ń gba ìlà yẹn.”

“Kí ló dé tí wọ́n fi fà á síbẹ̀?”

“Kí a lè mọ bí ibi méjèèjì ṣe jìnnà síra tó ni. Ẹni tó ń lọ ní láti kọ́kọ́ sùn lọ́nà Cotonou. Lẹ́yìn náà ó di Parí, ó di Montréal, kó tó di Moncton. Ìdúró pọ̀ ju fífò lọ.”

Oumarou jókòó. Ó bọ́ fìlà. “Ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí obì,” ó ní. “Tí o bá lọ tún un sọ, èmi lo pè ní òpùrọ́ lójú ará Bassila. Èmi tó tó bí ọ lọ́mọ!”

*

Láti ìgbà náà, Habibullah kò ní ìsinmi. Àlọ́ àpamọ̀ ni nǹkan yìí jẹ́ lójú rẹ̀, kò sì tíì rí àlọ́ tí kò tú rí. Ó gbé ọ̀nà náà gba Casablanca lórí pọ́tábù. Ó gbé e gba Addis-Abeba, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn lèèyàn á kọ́kọ́ lọ kó tó lọ síwájú. Ó gbé e gba Istanbul, ó gbé e gba Bruxelles. Ó rí i pé ẹni tó ń lọ sí Moncton ń jèrè wákàtí lójú aago, nítorí ọjọ́ kò tètè mọ́ níbẹ̀ bíi tiwa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ wá sílé ń pàdánù gbogbo rẹ̀ padà. Ilé sì ni ẹni tí bàbá rẹ̀ kú ń bọ̀. Ọ̀nà tó yá jù nínú gbogbo rẹ̀, wọ́n á ti sin òkú kí ọmọ rẹ̀ tó dé.

Ó sọ ọ́ fún Moufidatou.

“Ṣé o ti wá a dáadáa?” ó béèrè.

“Mo ti wá a.”

“Tún un wá.”

“Moufidatou, mo ti wá a dé Lomé, mo ti wá a dé Accra.”

Moufidatou ń fi bàtà fa ilẹ̀. “Bí o bá sọ fún un, á kọ̀. Bí o kò bá sì sọ fún un, èmi ni n ó máa parọ́ fún un ní gbogbo ìgbà tí mo bá pè é láti ọ̀hún. Má bi mí èyí tí mo fẹ́. Mi ò fẹ́ ìkankan nínú méjèèjì.”

Ní oṣù kẹwàá, wọ́n lọ ṣe ọ̀wẹ̀ àna. Bó ṣe máa ń rí ní Manigri ni: ọkọ ìyàwó á kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọn á lọ kọ ebè iṣu fún bàbá ìyàwó, kí ó lè rí apá ẹni tó fẹ́ gba ọmọ rẹ̀. Al-Amin, ọ̀rẹ́ Habibullah, ló ṣáájú wọn pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀.

“Ẹ wo ọ̀jọ̀gbọ́n! Ó ń fi ojú wọn ilẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, arákùnrin, ebè kì í ṣe àwòrán!”

Àlájì Mamoudou dúró lábẹ́ igi pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí àwọn ọmọ sinmi láti mu omi, wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Ayé ti dáa,” ó ń sọ fún wọn. “Ọmọ mi á wà lẹ́yìn òkun, bí mo bá sì kú láàárọ̀, á dé bá mi nílé. Àwọn tó lọ sí Gabon láyé àtijọ́, ta ló rí ojú òkú baba rẹ̀?”

Habibullah mi omi tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó dé abẹ́ igi náà. Ó kúnlẹ̀.

“Àlájì, kò ní dé. Ohun tí Bàbá Kékeré sọ, kì í ṣe irọ́ ló pa, nǹkan tí mo fi hàn án ni kò yé e. Ìlà lásán ni. Láti ibẹ̀ dé ibí, bí ohun gbogbo bá tiẹ̀ dára, ọjọ́ kejì ló máa tó dé Cotonou. Ó lè di ọjọ́ kẹta kó tó dé Bassila.”

Àwọn ọ̀rẹ́ Àlájì wo ilẹ̀. Àlájì fúnra rẹ̀ wo oko náà, ibi tí ebè tuntun dé àti ibi tí koríko ṣì wà.

“Ẹ dá ọkọ́ dúró,” ó ní.

“Àlájì...”

“Mo ní kí ẹ dá ọkọ́ dúró. Ẹ máa lọ sílé.”

Wọ́n kó ọkọ́ wọn, wọ́n lọ. Wọ́n rìn dé títì. Ibẹ̀ ni Al-Amin ti ní, “Èmi mọ ọkọ ìyàwó tí wọ́n lé torí ọ̀lẹ. Èyí tí wọ́n lé lórí iṣẹ́, òní ni mo rí i.” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Oumarou kò bá Habibullah sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

*

Nílé Àlájì ní Bassila, wọn kò dárúkọ Manigri mọ́. Moufidatou ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bọ̀, ó ń kí bàbá rẹ̀ bó ṣe yẹ. Kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀, Adjaratou, ni ọ̀rọ̀ náà sú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń bẹ iṣu lọ́wọ́, ó pe ọkọ rẹ̀.

“Àlájì, nígbà tí ìyá yín kú ní Doguè, ibo lẹ wà?”

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bassila níbí ni Àlájì wà. Ìgbà òjò ni, odò ti bo ọ̀nà mọ́lẹ̀. Kó tó rí ẹni tó máa gbé e sọdá, àwọn tó sin ìyá rẹ̀ ti ń fọ amọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀.

“Doguè tí a lè lọ kí a sì bọ̀ lójúmọ́ kan,” Adjaratou sọ, “ẹ ò rí ojú rẹ̀.”

“Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí mo fi béèrè.”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé kí ọmọ jókòó sí Bassila kó máa ṣọ́ yín, kó máa retí ìgbà tí ẹ máa kú ni? Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń gun igi máńgòrò, tí gbogbo ilé á máa pariwo pé kí ẹ sọ̀ kalẹ̀?”

Moufidatou wà nítòsí, ó ń di irun rẹ̀. Ó gé ètè jẹ kó má baà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wá, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, bí ẹ bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ. Ẹ̀yin lẹ bí mi. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé nítorí ikú ni. Ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́ kí n jìnnà sí yín, n ó gbà, inú mi á sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé torí ikú ni mo ṣe dúró, ní gbogbo ìgbà tí mo bá rí yín tí ara yín le ni n ó máa rò ó.”

Àlájì dìde, ó gun alùpùpù rẹ̀. Wọ́n gbọ́ lẹ́yìn náà pé Doguè ló lọ. Ó padà ní ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó ránṣẹ́ pe Habibullah, ó ní kó dá wá.

“Sọ ọ̀nà náà fún mi,” ó ní. “Má yọ nǹkan kan sílẹ̀.”

Habibullah sọ ọ́, láti Bassila títí dé ẹnu ọ̀nà ilé tí wọn yóò máa gbé.

“Tó bá dé Parí, ta ló mọ̀ ọ́n níbẹ̀?”

“Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Yóò jókòó ni.”

“Títí dìgbà wo?”

“Nígbà míì, ìdajì ọjọ́.”

“Ìdajì ọjọ́ lórí ìjókòó.” Àlájì mi orí. “O mọ̀ pé bí o kò bá sọ ọ́, mi ò bá má mọ̀.”

“Mo mọ̀.”

“Kí ló dé tí o sọ ọ́?”

Habibullah ronú. “Mo ti wá ọ̀nà tó yá, mi ò rí i. Bó bá jẹ́ pé mo rí i ni, Àlájì, mi ò bá má sọ nǹkan kan.”

Àlájì tẹjú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín kúkurú, bí ìgbà tí èèyàn wúkọ́.

“Ebè yín ṣì wà níbẹ̀,” ó ní, “kò dé ìdajì. Ẹ wá parí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó le.”

*

Ní oṣù kejìlá, wọ́n so yìgì. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ètè gbogbo èèyàn funfun. Oumarou wọ agbádá tó mọ́, ó jókòó síwájú, ṣùgbọ́n wọ́n ti kìlọ̀ fún un pé kó má dá sí ọ̀rọ̀ ọ̀nà. Nígbà tí ìmáàmù parí àdúrà, Àlájì Mamoudou ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀.

“Ẹ̀yin ará Bassila, ẹ̀yin ará Manigri, ẹ jẹ́rìí mi. Ọjọ́ tí mo bá kú, ẹ má dúró de Moufidatou. Bí ẹ ṣe ń ṣe fún gbogbo èèyàn ni kí ẹ ṣe fún mi. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi í bú u pé kò wá.”

Àwọn àgbà kan ní ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó. Àlájì wọ inú yàrá tí àwọn obìnrin wà, ó ní kí wọ́n yọ̀ǹda ọmọ òun fún òun díẹ̀. Wọ́n bọ́ sí ìta. Adjaratou nìkan ló dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Àlájì jókòó sórí ẹní, ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó ní kí Moufidatou jókòó níwájú òun.

“Wò mí,” ó ní. “Wò mí dáadáa. Èyí tí ò bá rí lọ́jọ́ náà, rí i lónìí.”

Moufidatou gbé ojú sókè. Kò wo ojú bàbá rẹ̀ tààrà rí láyé, nítorí ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wo iwájú orí rẹ̀, ó wo irùngbọ̀n rẹ̀ tó ti funfun ní ẹ̀gbẹ́ kan ju ìkejì lọ. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún, kó má baà dí òun lọ́wọ́. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àwọn obìnrin ìta bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

“Bàbá,” ó ní, “kí ló ṣe yín lábẹ́ ojú yìí?”

“Níbo?”

“Ibí. Àpá kékeré kan. Mi ò rí i rí.”

Àlájì fi ìka wá a kiri títí ó fi kàn án.

“Ìwọ ni,” ó ní. “O ò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Mo gbé ọ, o fi èékánná ya mí lójú, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ìyá rẹ ní kí n gbé ọ fún òun. Mo ní n kò gbé e fún ẹnikẹ́ni.”

Ó kọ ojú rẹ̀ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń gba fèrèsé wọlé, kí Moufidatou lè rí i dáadáa.

“Máa wò ó lọ,” ó ní.